Iṣẹ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Màmá Tíṣà

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní tíṣà, iṣẹ́ káṣúà ni mo ń ṣe nílé iṣẹ́ páálí kan ní Ọ̀tà. À ń to páálí, à ń dì í, à ń gbé e sórí pálẹ́ẹ̀tì. Ṣíìfù ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, ṣíìfù alẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Abùjá àti Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn kòrónà. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wa kò tún rí ẹnu géètì wọ̀ mọ́. Àwọn iléèwé ti tilẹ̀kùn ṣáájú ìgbà náà, gbogbo àgbàlá ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ tí à ń gbé lójú ọ̀nà Ìjọ́kò ní Sàǹgó sì kún fún ọmọ tí kò ríbi lọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ní iná? Obìnrin àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba ló ń gbé òdìkejì wa. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó fàyè sílẹ̀ láàárín ọmọ kan àti èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó nahùn pè mí láti ibi tó jókòó sí: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí iṣẹ́ níwájú rẹ ni?"

Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ni yóò kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ló fún mi. Páálí kò kúkú ṣàjèjì sí mi, ni mo bá ń gé e bó ṣe wù mí. Ó gba èyí tí mo gé, ó wo etí rẹ̀, ó dà á nù. "Etí tó wọ́ yẹn ni ọmọ máa wò, kò ní wo lẹ́tà." Mo tún un gé, ó tún dà á nù. Ìgbà tí mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, tí mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, ló tó gbà á. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní lẹ́tà kíkọ: máákà dúdú tó nípọn fún lẹ́tà, pupa fún àmì ohùn, kí àmì ìsàlẹ̀ ẹ, o àti s hàn ketekete láti ìdí ẹní. Fún ìṣirò, mo ṣa ìdérí ìgò ní ilé ọlọ́tí, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi òòlù tẹ etí rẹ̀ kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Mo ṣẹ́ ọwọ̀ sí gígùn kan náà, mo fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà yìí, mi ò tíì sọ gbólóhùn kan fún ọmọ kankan.

Ìpele tó tẹ̀ lé e ni yíyẹ ọmọ wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, lórí ẹní kan náà, kí ojú rẹ wà níbi tí ojú rẹ̀ wà. Ọmọ yóò ka lẹ́tà. Tó bá mọ̀ ọ́n, ó di sílébù. Láti ibẹ̀ sí ọ̀rọ̀, sí gbólóhùn, sí ìtàn kúkúrú. Ibi tó bá ti dúró ni ìjókòó rẹ̀, ì báà ti wọ girama. Àjọ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní orílẹ̀-èdè Íńdíà lọ́dún 1995, ló sọ irú ètò yìí di ńlá, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Màmá Tíṣà kò tìtorí ìyẹn fò sókè. Ó ní ohun tí tíṣà gidi ti ń ṣe látijọ́ ni.

Ẹnu yà mí sí ohun tí a rí. Ọmọ tó ti wà ní JSS 1 kò kọjá sílébù. Àjọ UNICEF náà ti sọ ọ́: nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kó sì yé wọn, tàbí kí wọ́n yanjú ìṣirò kékeré. Báwo ni wàá ṣe mú ọmọ ọdún méjìlá jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ láì dójú tì í? Màmá Tíṣà kì í pe ẹgbẹ́ kankan ní ìkíní tàbí ìkẹyìn. Orúkọ ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa ló fi pè wọ́n: Ìgbẹ̀sà, Àtan, Ìjù. Ọmọ tó dàgbà jù ní Àtan ni olórí tó ń pín káàdì. Bí ó bá ti mọ sílébù rẹ̀, ó ṣí lọ sí Ìgbẹ̀sà, tòun ti ìpàtẹ́wọ́.

Ibi tó le jù fún mi ni ìdákẹ́. Bí mo bá bi ọmọ ní ìbéèrè, tó wòkè díẹ̀, èmi ni mo máa dáhùn. Màmá Tíṣà a fi rúlà kàn mí ní orúnkún. "Ta lò ń kọ́? Ara rẹ ni àbí ọmọ?" Nígbà tí rúlà kò ṣiṣẹ́, ó gbé ife omi fún mi. Bí mo bá ti béèrè tán, kí n bu omi sẹ́nu, kí n má gbé e mì títí ọmọ yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú, ojú a ràn, àwọn ọmọ a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnu omi yẹn ni mo ti rí i pé ètè ọmọ máa ń mì kó tó sọ̀rọ̀, pé ìka rẹ̀ ń kà lábẹ́ itan, pé ẹni tí mo ti pè ní olódo ń ronú lọ́wọ́ ni. Títí dòní, mo ṣì máa ń pa ètè pọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń ta omi píọ́ wọ́tà lábẹ́ bíríìjì Sàǹgó kí kónílé-ó-gbélé tó dé. Mo kọ 200 - 60 fún un; ó kọ 260. Mo fẹ́ pa á rẹ́ nígbà tí Màmá Tíṣà di ọwọ́ mi mú. Ó yíjú sí ọmọ náà: "Mo ra píọ́ wọ́tà mẹ́fà, náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gba igba náírà." Ọmọ náà kò tiẹ̀ sinmi: "Ṣéńjì yín, wọ́n-fọ́tì, Mà." Màmá kò kí i kú iṣẹ́. Ó bi í léèrè bó ṣe ṣe é. Ó ní òun kà láti ọgọ́ta dé ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ ogójì, òun wá fi ọgọ́rùn-ún tó kù kún un. A fi ìdì ọwọ̀ to ohun tó sọ sórí ẹní, ó wò ó, ó fúnra rẹ̀ pa 260 rẹ́. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára. Ọmọ náà ti mọ ìṣirò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀nà tó so ọjà pọ̀ mọ́ pátákó ni èmi ní láti ṣí.

Èdè ilé ọmọ náà wà lára ọ̀nà yẹn. Ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Níléèwé St. Stephen's A ní Mọdákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tíṣà Grade Two ni Màmá Tíṣà lásìkò náà, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Sàǹgó kì í ṣe ìlú elédè kan: Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti Hausa ló wà lórí ẹní wa. Ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ sá ogun wá láti Bọ́rnò kì í lanu rárá. Màmá Tíṣà ní kó kọ́ wa ní oókan, eéjì ní Hausa. Òun ló ń na ìdérí ìgò sókè, gbogbo wa, tèmi tìyá, là ń dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

N óò sọ eléyìí kí n tó kọjá. Láti Tóògéètì dé Ojú-Ọrẹ́, ó ṣòro kéèyàn rin ìrìn díẹ̀ kó má rí pátákó iléèwé tí wọ́n kọ "Montessori" sí. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ aláìní, San Lorenzo ní Róòmù, ni Maria Montessori ti ṣí ilé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1907, níbi tí ọmọ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ pátákó tiwa, pàṣán ló wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ ń kígbe ohun tí kò yé wọn.

Iléèwé ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà kò ká ẹní. Ìrọ̀lẹ́ la wá ń lò ó. Mo fi ìsinmi iléèwé ka NCE, mo sì ríṣẹ́ tíṣà níléèwé kékeré kan. Ìyà kò kúrò nílùú: nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn òbí kan sì yọ ọmọ wọn níléèwé lọ síbi ọjà. Àwa tọ àwọn ọmọ náà lọ síbi ọjà pẹ̀lú káàdì wa. Nígbà tí Màmá Tíṣà kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá ẹní kan dì mú, ó jókòó sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a tú ká, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìyìn tó tóbi jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀yin onílé-ìwé Ọ̀tà, mi ò ní kẹ́ ẹ ra kọ̀ǹpútà. Ẹ fún àwọn tíṣà yín ní wákàtí kan lóòjọ́, kí ọmọ Pírámárì kẹrin àti ìkejì jókòó síbi tí ìwé kíkà wọn dé, kẹ́ ẹ sì gbé pàṣán kúrò lórí tábìlì. Páálí kún ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ gbogbo nílùú yìí. Bí ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí wa, a óò wá gé e pẹ̀lú yín.