Ẹrẹ̀, Eruku àti Michèle Mouton

Bí obìnrin bá sọ ní Adja-Ouèrè, lọ́dọ̀ wa, pé eré ọkọ̀ ni òun fẹ́ràn jù, kò sẹ́ni tó máa bi í pé awakọ̀ wo ló ń tẹ̀ lé. Wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ṣé bàbá ẹ ni? Àbí ọkọ ẹ? Àbí o ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe mẹkáníìkì? Lójú tiwọn, ìfẹ́ ọkọ̀ ò lè dá wọ inú obìnrin, àfi kí ọkùnrin kan gbé e wá fún un. Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi: ọ̀nà ló kọ́ mi.

Ẹ wo ọ̀nà ọ̀hún ná. Lókè, láàárín oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ pupa ni. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, ewé gbogbo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà á pọ́n, aṣọ tí wọ́n sá síta á pọ́n, irun ojú èèyàn pàápàá á pọ́n. Bí ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Massè bá kọjá, ẹ ní láti dúró kí eruku rọlẹ̀ kí ẹ tó tún mọ ibi tí ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, amọ̀ dúdú lẹ máa bá. Lẹ́ẹ̀rùn, ó le gan-an, ó sì máa ń là débi tí táyà kẹ̀kẹ́ lè há sínú rẹ̀. Òjò ẹyọ kan péré, ó dìde. Á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún abẹ́ mọ́gáàdì, táyà ò sì ní lè yí mọ́. Ọlọ́kadà tiwa, tí à ń pè ní zẹ́mì, á bọ́ sílẹ̀, á já igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha amọ̀ kúrò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò ní í rìn ju ibi tí ojú rí lọ kó tó tún bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn irú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀, tó pọn ọmọ, tó gbé abọ́ gàrí sórí itan, ẹ má rò pé ẹrù lásán ni. Ìbàdí ló fi ń mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn fẹ́ yọ̀, kí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fún bíréèkì iwájú nínú ẹrẹ̀, ilẹ̀ ló ń lọ. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tí kò di ọwọ́ alùpùpù mú rí láyé ẹ̀, tó gbá ọmọdékùnrin tó gbé e léjìká, tó ní: “Fi í sí jíà kìíní, ẹ́ńjìnì ń sunkún!” Ọmọ náà fi í sí kìíní. Wọ́n kọjá.

Ìdí nìyẹn tí ràlì fi wọ̀ mí lára kí n tó mọ ohunkóhun nípa Formula 1. Nínú ràlì, ojú ọ̀nà gidi ni wọ́n ti ń sáré, aago ni wọ́n sì ń bá jà. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ràlì tó jọ ilẹ̀ wa, ẹ wá ti Côte d’Ivoire ọdún 1982, nígbà tó ṣì wà lára ìdíje àgbáyé. Nǹkan bí kìlómítà 5,000 ni, nínú eruku pupa tí a mọ̀ yìí.

Obìnrin méjì ló wà nínú Audi Quattro kan níbẹ̀. Michèle Mouton, ọmọ Faransé, ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Fabrizia Pons, ọmọ Ítálì, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ọ̀nà fún un láti inú ìwé. Ẹ wo bí Quattro ṣe ń gba kọ́nà: ọkọ̀ náà kì í kọjú síbi tó ń lọ. Imú rẹ̀ wà nínú igbó, ìdí rẹ̀ ń fẹ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òkúta ń fò, gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń wa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì ń fún lágbára. Opel tí Walter Röhrl ọmọ Jámánì ń wà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ní agbára. Ẹni tó bá ti ha amọ̀ Ọ̀họ̀rí kúrò lára táyà rí mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Àgbẹ̀ olódòdó ni àwọn òbí Mouton ní ìlú Grasse. Bàbá rẹ̀ ló ra ọkọ̀ eré fún un níbẹ̀rẹ̀, ó ní kó fi ọdún kan dán ara rẹ̀ wò. Lọ́dún 1981, Mouton gba ràlì Sanremo, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ràlì nínú ìdíje àgbáyé. Lọ́dún 1982, ó gba ti Pọ́túgà, ti Gíríìsì àti ti Brazil, òun àti Röhrl nìkan ló sì ń du adé nígbà tí wọ́n dé Côte d’Ivoire. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ padà sílé. Ìyá rẹ̀ ní rárá, pé ohun tí bàbá fẹ́ kẹ́yìn ni pé kí ó sáré.

Ó sáré. Ó fi ohun tó ju wákàtí kan lọ ṣíwájú Röhrl, kí jíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni àkókò ń lọ. Níkẹyìn ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ bàjẹ́, ó fi í sílẹ̀. Röhrl gba ràlì, ó gba adé. Mouton ṣe ipò kejì lágbàáyé, obìnrin kankan ò sì tíì dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ràn Jutta Kleinschmidt náà, ọmọ Jámánì tó gba ràlì Paris-Dakar lọ́dún 2001. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 39 péré ló fi ju ẹnìkejì lọ lẹ́yìn gbogbo aṣálẹ̀ tí wọ́n là kọjá. Formula 1 ló ń bí mi nínú díẹ̀. Láti ìgbà tí Lella Lombardi ti gba ìdajì máàkì ní Sípéènì lọ́dún 1975, obìnrin mìíràn ò gba máàkì níbẹ̀. Ìdajì náà gan-an, torí pé wọ́n dá eré dúró kó tó dé ìdajì ni. Síbẹ̀ mo máa ń wò ó lórí Canal+ nílé ọtí lọ́jọ́ Àìkú bí bọ́ọ̀lù ò bá gba tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni kan á sún mọ́ mi, á fi ìka hàn mí pé ẹ wò ó, ìyẹn tó wà níwájú ló ń jẹ. Ọkọ̀ tó ń fi hàn mí, wọ́n ti fi odidi ìyípo kan jù ú lọ, ó kàn fẹ́ kúrò lọ́nà ni. Mo máa ń dákẹ́. Bíà ẹ̀ ni.

Àmọ́ ìtàn Mouton ni mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Mo rò pé wọ́n á ní, “Họ́wù, obìnrin!” Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Pé obìnrin lè wakọ̀ nínú eruku, kò yà wọ́n lẹ́nu. Òkú bàbá ló dìjà. Ọ̀kan ní ọmọ tí òkú bàbá ẹ̀ wà nílẹ̀ tó wá ń bá àjèjì du eré, ojú ò tì í. Èkejì ní kí ni kó wá ṣe, ṣé ẹkún ló máa jí bàbá? Wọ́n jà á títí gàrí fẹ́ jóná. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò dá sí i títí tó fi ku ọwọ́ kan lórí iná, ó wá ní: “Bàbá ló ra ọkọ̀ fún un. Bàbá ló tún ní kó lọ. Ẹ̀yin ò gbọ́ ni?” Ó ro iná sílẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

“Jíà ọ̀hún ńkọ́, ta ló ṣe é? Wọn ò sì ṣe é dáadáa.”