Tìróò, Áíláínà àti Ojú Ìbejì

Boston, Massachusetts

Sí Ìyá Ìbejì àti gbogbo ará ilé ní Igbó-Ọrà,

Tìróò ti wà lójú àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìbàràpá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ áíláínà. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń dán ni, nínú ìgò tàbí àpò awọ kékeré, pẹ̀lú igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń lé e sí etí ìpéǹpéjú. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe báyìí ju ìyẹn lọ. Ìlà tiwọn nípọn, ó ń gba igun ojú jáde, nígbà mìíràn ó sì ń gba òkè ìpéǹpéjú kọjá láìfara kan irun rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ tó yẹ Ọdún Ìbejì tí Igbó-Ọrà ti ń ṣe láti 2018 ni, nítorí ẹni tó dúró lókèèrè láàárín èrò pàápàá yóò rí i. Kí ìlà nípọn kò burú rárá. Ohun tí wọ́n fi fà á ni kí ilé kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Òkúta òjé ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ ṣe tìróò, òjé kan náà tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà kì í bù dànù sẹ́nu ọmọ, lẹ́búlẹ́bú ń bù. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ti ìka bọ ẹnu, òjé á sì ti ibẹ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀. Ara ọmọdé a máa fa òjé mọ́ra ju ti àgbàlagbà lọ, ọpọlọ ló sì ń bà jẹ́ jù. Ọmọ náà lè má ṣàìsàn kankan tí ìyá lè rí, kó sì wá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tàbí kí ìwé má wọ̀ ọ́ lórí. Àwọn elétò ìlera kò mọ ìwọ̀n òjé kankan, bó ti wù kó kéré tó, tí wọ́n lè pè ní aláìléwu fún ọmọdé.

Ní Boston níbí, ní 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan tó jẹ́ ìran Nàìjíríà wò, wọ́n sì bá òjé níbẹ̀: máíkírógíráàmù 13 nínú désílítà kan. Lónìí, 3.5 péré ni àjọ CDC ti Amẹ́ríkà fi ṣe àmì pé ọ̀rọ̀ ọmọ ti gba àmójútó. Tìróò láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un kí ojú rẹ̀ lè dára. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé ló kó ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀. Ìfẹ́ ni àwọn òbí náà fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe é fún ọmọ tuntun nílé. Ohun tí òjé lè ṣe kò sì ṣàjèjì sí Nàìjíríà: ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí eruku òjé tó ń jáde lára òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀.

Nítorí náà, tìróò ọjà kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọmọ kankan nínú ilé mọ́, ì báà jẹ́ àgbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù ló gbé e wá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá kó kúrò ní ìkáwọ́ ọmọdé. Kí wọ́n má ṣe gbọ̀n ọ́n sí àgbàlá. Ọmọ tí wọ́n bá ti ń lé e fún, ilé ìwòsàn ló kàn. Igbó-Ọrà kò ṣàìní dókítà tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn kò sì jìn bí ó bá di pé kí wọ́n gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Àgbo kì í fọ òjé kúrò lára.

Áíláínà olómi tí omi kì í tètè ṣí ló dára jù fún àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe ìlà gbàǹgbà nínú oòrùn. Kí páálí rẹ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, kí wọ́n fi díẹ̀ sí inú apá. Bí ibẹ̀ bá ń yún tàbí tó wú, kò gbọ́dọ̀ dé ojú.

Ìpéǹpéjú tó ní òróró tàbí òógùn yóò tú ìlà ká kí àwọn ìbejì tó dé pápá. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi pọ́dà díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fà á yóò fi ìgúnpá ti tábìlì kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, yóò sì wo dígí lọ́ọ̀kán pẹ̀lú ojú lílà. Ìlà tí wọ́n bá wọ̀n lórí ojú dídì a máa ṣẹ́ nígbà tí ojú bá là. Àmì kéékèèké ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọ̀kan ní igun ìta ojú, ọ̀kan lókè rẹ̀ ní ọ̀nà ìparí irun orí ojú, òmíràn lórí kòtò ìpéǹpéjú. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń ṣe àmì sí kí wọ́n tó so ìkankan pọ̀; ẹni tó bá parí ọ̀tún tán kó tó kan òsì, àtidọ́gba á di wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ìlà tín-ín-rín yóò so àwọn àmì pọ̀, tí wọ́n á sì kun àárín rẹ̀. Igi òwú tí wọ́n fi ń nu etí, tí wọ́n kàn tẹ̀ bọ òróró díẹ̀, ni wọ́n fi ń gé etí ìlà tó bá wọ́. Ibi tútù tó kan ẹyinjú kò sí nínú ibi kíkùn, nítorí ihò kéékèèké tí òróró ojú ń gbà jáde wà níbẹ̀.

Ní ti àwòrán, kò sí àpẹẹrẹ tó bá Igbó-Ọrà mu ju ère ìbejì lọ. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá a máa gbẹ́ ojú rẹ̀ tóbi, kó yọ síta, kí ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ nípọn bí etí ọpọ́n. Wọ́n sì máa ń fi aró kun irun orí rẹ̀. Ojú ènìyàn lè gba irú rẹ̀: ìlà dúdú tó nípọn lókè àti nísàlẹ̀, kí méjèèjì pàdé ní igun, kí ìlà búlúù aláwọ̀ aró kan sì gba òkè kòtò ìpéǹpéjú kọjá. Búlúù àti funfun a máa hàn dáadáa lára awọ dúdú. Bí Táíyé bá gbé ìlà aró sí ojú ọ̀tún, tí Kẹ́hìndé gbé tirẹ̀ sí òsì, ìlà méjèèjì yóò máa dojú kọra wọn bí Kẹ́hìndé bá dúró sí ọwọ́ ọ̀tún Táíyé nínú fọ́tò.

Ìbejì tó ń wọ aṣọ kan náà ṣì gbọ́dọ̀ ní áíláínà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan tó bá ti ojú dé ojú lè gbé Àpólò, àrùn ojú pípọ́n, kárí ilé. Ojú tó bá ń pọ́n kò gba ọ̀ṣọ́ títí yóò fi san, áíláínà tó kàn án nígbà náà sì di ohun tí wọ́n ń jù nù. Lálẹ́ ọjọ́ ọdún, kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n fi òwú àti òróró díẹ̀ nu ìlà náà kúrò jẹ́jẹ́ láìra ojú, kí wọ́n sì fi omi tó mọ́ ṣàn án.

Àbúrò yín ní Boston