Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń padà wálé ní Boca Chica, àwọn onílé ti kó lọ

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló ń ṣẹ ní Boca Chica, etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í ṣe sára èèyàn.

Ẹni tó bá gbéra ní Brownsville yóò wakọ̀ nǹkan bíi kìlómítà 35 kó tó débẹ̀. Koríko àti ẹrẹ̀ ló kún ẹ̀gbẹ́ títì, Mẹ́síkò ò sì jìnnà, odò Rio Grande ló là wọ́n láàárín. Lójijì lèèyàn á rí òpó irin gogoro kan tó ga ju mítà 140 lọ. Ilé-iṣẹ́ SpaceX ti Elon Musk ló ni ín. Ọdún 2014 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wá? Ká sọ pé awakọ̀ kan kó èrò láti Ìbàdàn dé Èkó, bí èrò ṣe bọ́ọ́lẹ̀ tán ló ti mọ́tò náà sínú ọ̀sà, tó fẹ́ẹ́ ra tuntun lọ́la. Èló ni yóò gbà lọ́wọ́ èrò? Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Space shuttle, tó fò láti 1981 sí 2011, máa ń padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni apá ìsàlẹ̀ Falcon 9 kọ́kọ́ padà wá fẹsẹ̀ balẹ̀ ní Cape Canaveral. Ọ̀kan nínú wọn ti fò ju ìgbà 25 lọ báyìí. Falcon 9 yìí náà ló ń gbé sátẹ́láìtì Starlink, tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà láti 2023, lọ sókè.

Ti Boca Chica wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Starship gbéra. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó ga tó mítà 70, tó ní ẹ́ńjìnnì 33, já ara ẹ̀ gbà lókè, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ, òpó gogoro yẹn na apá méjì, ó sì hán an gbà! Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀kan tí wọ́n ti hán bẹ́ẹ̀ tún fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fọ́ nígbà tó ń bọ̀. Láti 2021 sì ni NASA ti yan Starship pé kó gbé èèyàn sọ̀ sórí òṣùpá.

Àmọ́ àwọn ará abúlé ńkọ́? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2019, lẹ́tà dé: SpaceX fẹ́ẹ́ ra ilé wọn ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n dá lé e. Àwọn kan gbà, àwọn kan fárígá, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti kó lọ. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ẹ́ gbéra, wọ́n á ti títì pa, etí òkun á di èèwọ̀ fún gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì hú kọnkéré ìdí ara ẹ̀, iyanrìn sì ń rọ̀ dé Port Isabel.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n dìbò sọ ibẹ̀ di ìlú Starbase. Èèyàn 212 gbà, 6 kọ̀. Òṣìṣẹ́ SpaceX ló pọ̀ jù nínú olùdìbò.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ti mọ ọ̀nà ilé. Àmọ́ àgbà tó ta ilé ẹ̀ ní Boca Chica, tó bá padà síbẹ̀ lónìí, àlejò ni.