Ẹ Dán an Wò Kí Ẹ Tó Gbẹ́kẹ̀ Lé e

Ní ọdún 2021, mo gba ohùn ìyá mi àgbà sílẹ̀ sórí fóònù ní Ọ̀kà-Àkókó. Mo ra háàdì dísìkì tuntun ní Ìkàrẹ́, èyí tí a kọ terabyte 2 sí lára. Mo kó ohùn náà àti gbogbo fídíò ìdílé wa sínú rẹ̀, mo sì pa ti orí fóònù rẹ́. Nígbà tí màmá wọ káà ilẹ̀, tí a fẹ́ gbọ́ ọ, orúkọ fáìlì nìkan ni a bá. Ohùn kò sí níbẹ̀.

Ayédèrú ni dísìkì náà. Irú rẹ̀ a máa purọ́ àyè tí ó ní fún kọ̀ǹpútà; bí ẹrù bá ti kọjá àyè gidi, a máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Bí àwọn ìyá wa bá ra ìkòkò amọ̀, wọn a kọ́kọ́ bu omi sí i wò bóyá ó ń jò. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe báyìí. Mo máa ń fi ètò H2testw kọ ohun tí kò wúlò kún dísìkì tuntun dẹ́nu, ètò náà yóò sì kà á padà wò. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n sùúrù lérè. Bí kọ̀ǹpútà bá pe terabyte 1 ní gigabyte 931, ẹ má fòyà. Ọ̀nà ìṣirò ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun tó jẹ́rìí ara rẹ̀. Dísìkì wà lọ́jà. Ohùn ìyá mi àgbà kò sí níbẹ̀.