Ìbéèrè Ìyá Elélùbọ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n wá, ìyá àti ọmọ. Ọjà Bódìjà ni ìyá ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ sì la ti ń ra tiwa láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì na ìwé pélébé kan sí mi, tó ti ká sí mẹ́rin. Èsì JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ti ọdún 2025 ni. 248 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó," ni ìyá wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ inú UI. Ṣé ó máa wọlé? Bàbá rẹ̀ ní dókítà ló máa ṣe."

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Bí èsì JAMB bá ti jáde, kò sí ibi téèyàn yà sí n'Ìbàdàn tí kò ní bá a pàdé: lórí ìlà ní báńkì ní Dùgbẹ̀, nínú takisí ní Ring Road, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní Challenge. Bí wọ́n sì ṣe máa ń béèrè rẹ̀ dà bí ẹni tó wá sọ̀rọ̀ sówó níwájú babaláwo. Wọ́n fẹ́ kí n dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, kí n ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo mú bírò.

Yunifásítì Ìbàdàn, UI, kì í fi àmì JAMB nìkan gba ọmọ. 400 ni JAMB. Wọ́n á pín ohun tí ọmọ gbà sí ọ̀nà mẹ́jọ, kí iye tó pọ̀ jù lè jẹ́ 50. Ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní post-UTME, jẹ́ 100. Ìyẹn náà, wọ́n á pín in sí méjì, á di 50. Wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. 248 tí a bá pín sí mẹ́jọ, 31 ni. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí ìmọ̀ ìṣègùn máa ń ju 70 lọ. Kí ọmọ yìí tó dé 70 péré, 39 ló gbọ́dọ̀ mú wá láti inú ìdánwò kejì. Ìyẹn ni pé kó gba 78 nínú 100, nínú gbọ̀ngàn tó kún fún àwọn ọmọ tí àwọn náà fẹ́ di dókítà.

Ìyá tó ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìṣirò kì í pẹ́ yé e. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ó tó àpò, àmọ́ kò tó ọkọ̀."

Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ náà tẹrí ba, bí ẹni tó ṣẹ̀. Mo sì sọ fún un lójú ìyá rẹ̀ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 ọmọ tó ṣe ìdánwò náà ní Nàìjíríà. Nínú èsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, àwọn tí kò gba 200 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn tó gba 250 sókè kò pé 90,000. Bí a bá kó ogún ọmọ jọ nínú wọn, bóyá la fi máa rí ẹnì kan tó ṣe é ju tirẹ̀ lọ. Ọmọ tó wà nírú ipò yìí káàkiri orílẹ̀-èdè ni a sì mú kí ojú máa tì nínú yàrá àlejò.

Àyè ni kò kárí. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nínú ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1977, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti di mẹ́tàlá. Ẹnì kan náà lè gba ìwé ìgbàwọlé ní mẹ́ta, kí ẹlòmíràn máà rí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n àjọ kan ṣoṣo kò lè sọ àga kan di méjì. Ní ti ìṣègùn pàápàá, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Wọ́n ń wo iye olùkọ́ àti iye bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ilé ìwòsàn, torí pé ara alààyè ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ọmọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún bá gba 300, UCH, ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ UI ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, kò ní tìtorí ẹ̀ fẹ̀ sí i.

Ìyá wá béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ lábẹ́nú: ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń gba àwọn tí àmì wọn kéré, tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sì ń fi ọmọ Ìbàdàn sílẹ̀? Mo ṣàlàyé ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀. Nínú 100 àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí àmì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká. 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ ìwé kò tètè rinlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ń jẹ nínú 35 yẹn, àwọn òbí kì í sì í rántí ìyẹn bí wọ́n bá ń bínú sí 20. Èmi kò bá wọn bínú sí i. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, a sì rán àwọn ọmọ wa lọ. Ìyá elélùbọ́ yìí fúnra rẹ̀, ìyá tirẹ̀ jẹ nínú oore náà kó tó bí i. Ìran méjì ti kọ́ láti ka ìwé kí ọmọ tó kúnlẹ̀ sí iwájú mi tó dé ayé. Ọmọ tí òun ló kọ́kọ́ mọ ìwé kà nílé wọn, tó sì gba 220, tí a bá fún un láyè, kò ja ẹnikẹ́ni lólè.

Àmì kékeré nìkan kọ́ ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, tàbí kí n ní òun kọ́ ló ń tì í jù. Ẹni tí kò fi UI ṣe àkọ́kọ́ yíyàn nínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, UI kì í wo ojú rẹ̀. Ẹni tó yan iṣẹ́ ìdánwò tí kò bá ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà mu, 300 tó gbà, òfo ni. Ẹni tí èsì WAEC rẹ̀ jáde tí kò gbé e sórí ìkànnì JAMB, wọ́n á ka orúkọ kọjá rẹ̀. Àdánù tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè dá dúró ni gbogbo èyí.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù wà ní Agbowó.

Ọmọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ nínú kafé níbẹ̀, ní òdìkejì géètì UI. Ó ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀, ó ń tẹ èsì wọn jáde, ó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìn kẹ́mísírì nírọ̀lẹ́. Ọdún márùn-ún ló fi ń ṣe JAMB fún ìmọ̀ ìṣègùn. Bó ṣe jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó ń wá. Sọ àmì JAMB rẹ fún un, kó o tó mí ó ti pín in sí mẹ́jọ. Ọdún kan wà tó jẹ́ àmì kan àti ààbọ̀ ló kù fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tó ń sanwó rẹ̀ kọ̀, ó ní ilé wọn ò ní ṣe kékeré. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ní gíráàmà ti sìnrú ìlú tán. Àwọn tó kọ́ ní lẹ́sìn ti ń wọ aṣọ funfun kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ tó lè kọ́ni ní kẹ́mísírì dáadáa tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀.

Mo mọ okùn yẹn. Bàbá tèmi jẹ́ olùkọ́ àgbà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́yà ló sì fẹ́ kí n ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ṣe JAMB nítorí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò tó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ sí Póli Ìbàdàn, tí mo fi ọdún méjì ṣe A-level, tí mo sì gba direct entry wọ yunifásítì láti lọ kọ́ èdè Yorùbá. Oṣù méjì ni bàbá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún tí mo gboyè ló tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bi mí pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ wa níbẹ̀. A sọ ọ́ di òru.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ yí ọ̀nà padà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948 ni Chinua Achebe, òǹkọ̀wé nì, wà. Ìmọ̀ ìṣègùn ló bá wọlé, wọ́n sì fún un ní owó ẹ̀kọ́. Kò ju ọdún kan lọ tó fi sọ pé òun kò ṣe mọ́, ó bọ́ sí ìdí ìwé àti ìtàn, owó ẹ̀kọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ti kọ̀ nígbà yẹn ńkọ́?

Mo kọjú sí ọmọ náà, mo bi í pé kí ló máa ń ṣe tí kò bá kàwé. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun máa ń bá ìyá òun ṣa èlùbọ́. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé èyí tí wọ́n sá sórí kọnkéré gbẹ lójú bí èyí tí wọ́n sá sórí pákó, síbẹ̀ ó máa ń tètè bu tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, òun sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ó bi mí bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó wà. Nínú UI yìí kan náà, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń ṣe oúnjẹ kó má bàjẹ́. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà láti 1967, àwọn onímọ̀ sì ń ti ìlú òkèèrè wá síbẹ̀ láti wá kọ́ nípa iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa. Iye tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò ga bíi ti ìṣègùn. 31 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e débẹ̀ bó bá múra sí èyí tó kù. Àyè láti yí ẹ̀kọ́ padà lórí JAMB sì ṣì wà nígbà náà.

Ìyá ní bàbá rẹ̀ kò ní gbà. Mo ní kó sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Satidé. Mo lọ. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ti ní kí ọmọ náà wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yẹn fún òun.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní SS2 lónìí, mo fi ọlá àwọn ọmọ wọ̀nyí bẹ̀ yín, ẹ má dúró de èsì JAMB. Ẹ pè é jókòó ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ mọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó sọ tiyín.