Ilé Tó Jókòó Lórí Odò Walbrook

Lẹ́yìn tí mo jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Cannon Street, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ohun tó kọ́kọ́ gba ojú mi kì í ṣe ilé. Omi ni. Ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ lórí idẹ tí wọ́n dà bí ìtàkùn àti gbòǹgbò igi, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ kóòtù dúdú sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì bojú wò ó. Cristina Iglesias, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ló ṣe é ní ìrántí odò Walbrook tí ìlú ti bò mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn omi náà ni ilé iṣẹ́ Bloomberg nà sí, èyí tí Norman Foster àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 2017.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ yìí ti dahoro. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òkìtì àlàpà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1954, bí wọ́n ti ń múra láti kọ́ ilé ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Bucklersbury House síbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí W. F. Grimes ṣáájú fún ṣèèṣì bá ilé òrìṣà Mithras, tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí ọdún 240. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀ gan-an, ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ni orí òrìṣà náà tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ yọ jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló tò wá wò ó. Síbẹ̀ ilé ọ́fíìsì ló borí: wọ́n tú ilé òrìṣà náà, wọ́n sì lọ tún un tò sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n wó Bucklersbury House náà, Bloomberg sì ra ilẹ̀ náà ní 2010.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n hú jáde lẹ́yìn náà. Ẹrẹ̀ Walbrook tutù, afẹ́fẹ́ kì í sì í ráyè wọ inú rẹ̀, nítorí náà igi àti awọ tó sùn síbẹ̀ kò jẹrà. Ohun tí wọ́n rí ju 14,000 lọ. Nínú wọn ni wàláà 405 wà, wàláà igi tí wọ́n máa ń da ìda sí lójú kí wọ́n tó fi irin ṣóńṣó kọ̀wé sí i. Ìda ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí irin ti ha igi kò parẹ́. Ọ̀kan lára wọn ní ọjọ́ lórí: 8 oṣù Kìíní, ọdún 57. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Tibullus jẹ Gratus ní owó denarii 105, iye ọjà tó ti gbà. Ẹrú tó ti gba òmìnira ni àwọn méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àṣé ọjà àwìn ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù!

Ilé orí ilẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn abala idẹ tó wà lójú rẹ̀ máa ń ṣí nígbà tí ojú ọjọ́ bá tura, kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ọ́fíìsì onígíláàsì kan ní Èkó, tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, tí iná sì lọ lọ́sàn-án gangan, yóò mọ iyì ohun tí mò ń sọ. Àjà ilé náà ní ewé alumíníọ́ọ̀mù 2.5 mílíọ̀nù tó ń tan ìmọ́lẹ̀, tó ń tu ilé lára, tó sì ń gba ariwo mì. Omi òjò àti omi ìfọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ṣírò pé omi tí yóò máa lò yóò fi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọ́fíìsì lásán, iná sì fi ìdá 35. BREEAM, ìlànà tí wọ́n fi ń wọn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì, fún un ní 98.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èmi kò tíì lè pàtẹ́wọ́ tán. Idẹ ojú ilé náà tó tọ́ọ̀nù 600, láti Japan ló sì ti wá. Òkúta akọ rẹ̀ wá láti Íńdíà. Ìdá 73 àti ìdá 35 yẹn kò sọ nǹkan kan nípa epo tí ọkọ̀ òkun jó kí ẹrù wọ̀nyí tó gúnlẹ̀. Bucklersbury House tí wọ́n wó, ó lo bí àádọ́ta ọdún péré. Irin àti kọnkéré rẹ̀ náà, iná ni wọ́n fi ṣe é. Bí ilé tuntun yìí bá lo igba ọdún, mo gbà pé kí wọ́n máa pè é ní ilé tó bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀. Bí ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́ ọ bá tún wó o, a jẹ́ pé orúkọ lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé sí ilé òrìṣà náà, tí wọ́n ti dá padà sí ìtòsí ipò rẹ̀ àtijọ́, mítà 7 nísàlẹ̀ títì. Òkùnkùn ni níbẹ̀, ìkùukùu díẹ̀díẹ̀, àti ohùn àwọn tó ń kígbe ní èdè Látìn. Ọmọ kékeré kan di ẹ̀wù ìyá rẹ̀ mú gírígírí. Nígbà tí mo gòkè padà, òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń rọ̀ sórí òrùlé tó ń gbà á.