Kíbọ́ọ̀dù yín ń lẹ̀ mọ́wọ́? Ẹ má tíì sọ ọ́ nù

1/
Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bíìtì, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin DJ, ẹ dúró díẹ̀. Thread yìí gùn o, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú ẹ̀. Bí ara kíbọ́ọ̀dù yín bá ti ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ, kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í sì í ṣe pé ẹ jẹ ẹ̀bà tán, ẹ ò fọwọ́. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù, ẹ má sì tíì tà á lọ́pọ̀.

2/
Ìkòsí ni mò ń gbé, ní Kétu níbí. Kọ́ńtúrólà tí mò ń lò, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù kékeré tí a máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tòkúnbọ̀ ni. Owó èésú ni màámi fi rà á fún mi. Ata àti tòmátò ni wọ́n ń tà ní Mile 12. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà yẹn, ẹ mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dá èésú yẹn kó tó kàn wọ́n.

3/
Ó ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa, àfi ìgbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀. Ara dúdú tó yí àwọn nọ́bù ká kọ́kọ́ ń gba àmì ìka. Nígbà tó yá, eruku ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Mo gbé ìwé lé e lálẹ́, ìwé ya nígbà tí mo fẹ́ mú un láàárọ̀.

Ọjọ́ kan màámi fẹ́ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Kí lo dà sí èyí lára? Ṣé orí ẹ̀ lo ti ń jẹun ni?"

"Màámi, mi ò da nǹkan kan sí i."

"Ata tí mo tà lo fi ń ṣeré yìí o."

4/
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbà pé mi ò mọ iyì nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi. Ẹnì kan tó ń ra àlòkù ládùúgbò wá wò ó, ó ní ó ti "jẹrà", owó tó dá lé e kò tó ìdá márùn-ún iye tí a rà á. Bẹ́ẹ̀ gbogbo kíì rẹ̀ ló ń dún! Mo ní rárá. Mo jókòó, mo wádìí ohun tó ń ṣe é.

5/
Ohun tí mo rí rèé. Ọ̀dà kan wà tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń fín sára pílásítíìkì kó lè rọ̀ lọ́wọ́, kó má dán, kó dà bíi rọ́bà, kó dà bí nǹkan olówó ńlá. Ẹ máa rí i lára máòsì, rìmóòtù, laptop, tọ́ọ̀ṣì, inú mọ́tò pàápàá. Polyurethane ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leverkusen, ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe polyurethane ní 1937. Nǹkan burúkú kọ́: fóòmù tí ẹ ń sùn lé, ìdílé kan náà ni wọ́n.

6/
Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀. Èyí tó wà nínú fóòmù sábà máa ń fara da omi. Èyí tí wọ́n fi polyester ṣe, omi ni ọ̀tá ẹ̀.

Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn gígùn. Bí okùn bá ṣì gùn, ìlẹ̀kẹ̀ á dúró gírígírí. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á máa wọ inú ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀, á máa já okùn yẹn ní oríkèé. Okùn gígùn á di kéékèèké, ohun tó le á di àtè. Èyí tó tún wá burú ni pé ibi tó bá já máa ń mú nǹkan kíkan jáde, nǹkan kíkan yẹn á sì tún ran omi lọ́wọ́ láti já òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró.

7/
Ooru máa ń mú un yára. Ẹ wá ro Èkó wò. Ní àsìkò òjò, omi inú afẹ́fẹ́ wa láàárọ̀ sábà máa ń ju 80 nínú 100 lọ. Ọ̀dọ̀ wa ní Kòṣọ́fẹ́, ọ̀sà wà lápá kan, Odò Ògùn wà lápá kejì. Bí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán, àwọn ará Agbóyì àti Agílítì ló máa ń kó ẹrù sórí tábìlì. Aṣọ tí a sá sínú ilé ń hu èébú, kí lẹ rò pé ọ̀dà rọ́bà máa ṣe?

Kò dìgbà tí ẹ bá lò ó o. Èyí tí ẹ dì sínú báàgì tí ẹ fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà á lẹ̀.

8/
Ìyẹn gan-an ni mo fi bá màámi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú wọ́ọ̀dùróòbù láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mú un wá. Ọwọ́ ẹ̀ ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ta ló fọwọ́ epo kan èyí?"

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

"Omi ló ń ba tòmátò mi jẹ́. Ṣé omi náà ló ba tìẹ jẹ́ ni?"

"Òun náà ni, mà."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ "o ń fi ata mi ṣeré" ti parí.

9/
Ó yá, bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

– Ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò. Ẹ ya fọ́tò ara ẹ̀, torí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ọ̀dà yẹn máa bá a lọ.
– Ẹ fa orí nọ́bù tó bá ṣeé fà yọ.
– Ẹ wá IPA tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò. Tí kò bá sí, ẹ lo sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì.
– Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nísàlẹ̀ ẹ̀.
– Ẹ fi rin aṣọ, ẹ má dà á sórí ẹ̀rọ. Ẹ nù ún, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ tún nù ún. Dúdú lásán ló máa jáde.
– Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kẹ́ ẹ fi ṣe kọ̀rọ̀ ẹ̀.
– Ẹ ṣí fèrèsé. Ó ń gbaná o! Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má tan àbẹ́là sí i, ẹ dúró dọjọ́ kejì.

10/
Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe: pẹtiróòlù, tínà, àti acetone tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Wọ́n máa yọ́ pílásítíìkì gan-an, ìyẹn ò sì látùnṣe. Ẹnì kan tó ń tún nǹkan ṣe ti fẹ́ da tínà sí tèmi, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Pọ́dà ọmọdé máa gbà á fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀tàn ni.

11/
Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó dà bíi rọ́bà, ẹ ka ẹẹ́wàá, ẹ wá gbé e kúrò. Bó bá fa ọwọ́ yín, ẹ dúnàá dúrà dáadáa. Àléébù yẹn ò ní kí ẹ má rà á, owó ẹ̀ ló yẹ kó wálẹ̀.

12/
Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀dà yẹn ò ṣe iṣẹ́ kankan nínú orin. Kì í mú kíì dún, kì í mú nọ́bù yí. Nítorí ọjọ́ tí èèyàn máa fọwọ́ kàn án ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe fín in. Ẹ̀wù ló gbó, ara ò ṣàìsàn. Rọ́bà tó wà lábẹ́ kíì, silicone ló sábà máa ń jẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ kì í sọ ìyẹn di àtè.

13/
Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi nu tèmi. Pílásítíìkì lásán ló kù, mo fi péènì funfun kọ orúkọ nọ́bù kọ̀ọ̀kan padà. Kò rẹwà bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó gbẹ, ó mọ́, ó sì ń pawó.

Ẹ bá mi fi thread yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ta tiẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń lẹ̀, kó ju fọ́tò ẹ̀ sísàlẹ̀ kí a jọ wò ó.